Ọgbà Tí Julius Ṣe fún Pèrègún Mi

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, Bàbá Hàrúnà, ìdí mi ò gba àga lónìí, ẹ jẹ́ kí n dúró jàre, torí Tòún ọmọ mi ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó gẹlẹtẹ sórí ibi tí Julius fẹ́ gbẹ́ ihò sí, mo ní bó bá dìde, èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀ mọ́! Julius ẹ̀yìnkùlé mi, Julius elewúrẹ́, ẹ̀yin náà lẹ kúkú ta ilẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Ẹ ò lè gbàgbé pèrègún yẹn. Nígbà tí katapílà tó la àdúgbò wa hú ti àtijọ́ lórí ààlà, ẹ̀yin lẹ gé tuntun fún mi, ẹ fọwọ́ ara yín tọ́ka: “Ìyá Tòún, ibí ni, gbìn ín síbí.” Mo gbìn ín. Mo ń bomi rin ín bí ẹni ń tọ́jú ìkókó. Bó ṣe yọ ọ̀mùnú báyìí, ni ewúrẹ́ Julius bá bẹ̀rẹ̀ sí í já a jẹ.

Mo pariwo. Julius ní, “Ìyá Tòún, ẹ má bínú, èmi ni mo ni ewúrẹ́, èmi náà ni màá ṣọgbà tí yóò dáàbò bò ó.” Ọmọ aráyé! Mo lọ sọ́jà Ìkòtún, kí n tó dé nírọ̀lẹ́, ọgbà ti dúró, igi ìyeyè tútù, ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó gún régé. Mo dúpẹ́, Bàbá. Mo kúnlẹ̀! Mo se ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́, ó tún fọ abọ́ mi!

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé omi, mi ò rọ́nà. Ọgbà wà láàárín èmi àti ohun tí mo gbìn! Ẹ̀gbẹ́ tèmi ló ṣe é sí, ó fi pèrègún sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ta ló ń ṣọgbà tó ń sé olóko mọ́ta, tó ń sé olè mọ́lé? Ó ní ilẹ̀ òdìkejì ló le, pé tó bá di ọyẹ́, igi á gbẹ, òun á hú u. Mo gbà. Òmùgọ̀ ni mí, àbí? Ẹ má dáhùn.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kò hú nǹkan kan. Ewúrẹ́ jẹ pèrègún tán dé ìdí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìyeyè hù! Gbogbo rẹ̀ pátá! Ó wá ń sọ fún ará àdúgbò pé igi tó bá ti hù, òun ni ààlà, a kì í tu ú. Pèrègún ńkọ́? Ó ní òun ò rí pèrègún.

Ẹ dúró ná, ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Láàárọ̀ yìí ni àgbò tí mo ń sìn de Iléyá na ọrùn, ó já ewé díẹ̀ jẹ lára ọgbà náà. Ni Julius bá gbé ọparun dé! Ó ní òun fẹ́ ṣọgbà tí yóò dáàbò bo ọgbà! Níbo? Ẹ̀gbẹ́ tèmi náà ni! Bó bá fi lè ri ọparun yẹn mọ́lẹ̀, kànga mi ti bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kànga tí bàbá Tòún gbẹ́ kó tó kú! Kí n wá máa tọrọ omi lọ́wọ́ elewúrẹ́? Lọ́dún tó ń bọ̀, á tún ṣọgbà fún ọparun, yàrá mi ló máa gbà kọjá, wàláhì!

Kí lẹ wí? Kí ẹbí jókòó lọ́jọ́ Àìkú? Ọjọ́ Àìkú kẹ̀! Kí Tòún máa jókòó sórí ilẹ̀ títí di Àìkú? Orúnkún ń dùn yín, mo mọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ọlọ́kadà ń dúró dè yín níta. Ẹ mú àdá, ẹ gé pèrègún mìíràn, ẹ wá gbìn ín fúnra yín lójú Julius. Bí ẹ ò bá wá, èmi ni màá lọ rọ́pò Tòún. Inú ihò yẹn ni màá dúró sí. Kí Julius so mí mọ́ ọparun, kí òjò rọ̀ sí mi lára, kí n hù, kí n ta gbòǹgbò, kí n máa wo òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú títí ayé!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Bàtà yín dà?