Bọ́ọ̀lù Tí Mo Yàn fún Àbúrò Mi

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ ojú ìwé kan péré sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ sílẹ̀ lópin oṣù yìí. Ó fẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí èèyàn ṣe ń yan bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ tó dára, àti bó ṣe yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "Màmá Bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ṣáà kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́." Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, mo rí i pé mi ò lójú àtikọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yan bọ́ọ̀lù láìsọ èyí tí mo yàn ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, tí mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ yàn án láìdáa. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì tó, kò sì dà nínú mi. Mò ń sọ ọ́ lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú, kí ẹni tó bá fẹ́ fa ìwé náà ya fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ná. Tí ẹ bá fẹ́ yan bọ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tàn yín jẹ. Àwọ̀ kì í wọ apẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ ti fẹ́ gbá a. Ti rọ́bà ló wà fún ìta, ti awọ ló wà fún inú gbọ̀ngàn, ẹni tó bá sì gbé ti awọ lọ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kó yáa fi bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ wọ ẹrẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbé e sókè dé èjìká, ẹ jẹ́ kó já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má tì í. Tó bá padà dé ìbàdí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó. Tó bá padà dé àyà, ó ti pọ̀ jù. Tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá kan irin apẹ̀rẹ̀, ńṣe ló máa ta dànù. Ẹ yí i lọ́wọ́, kí ẹ máa wo àwọn ìlà dúdú ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ń mì, ó ti yọ kókó níbì kan. Ẹ fi omi pa abẹ́rẹ́ pọ́ọ̀ǹpù lára kí ẹ tó tì í bọ ihò rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ gbígbẹ ti pa bọ́ọ̀lù ju bí gbígbá ṣe pa á lọ. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn. Ẹ má jókòó lé e. Mo tún un sọ: ẹ má jókòó lé e. Ìwọ alápá gígùn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo rí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó gbẹ̀yìn ni pé bọ́ọ̀lù awọ tuntun kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Yíyọ̀ ló máa ń yọ̀. O ní láti bá a gbé fún oṣù méjì mẹ́ta, kí òógùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ wọ̀ ọ́ lára, kó tó máa gbọ́ tìrẹ.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ fi í sọ́kàn, torí mi ò ní lè sọ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin nìkan ni ìyá wa bí. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú, a jọ ń gbé yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń mi bẹ́ẹ̀dì wa láràárọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ ilé ìwé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí, mo sì mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè mí ní Màmá Bọ́ọ̀lù lónìí kò mọ̀ pé Àjùwọlé ni wọ́n ń pè mí nígbà yẹn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí orúnkún mi yẹ̀, kò sì padà sípò mọ́. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi tù mí nínú. Àbúrò mi ló bọ́ sínú aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà kan náà, kò sì pé ọdún kan tí àwọn èèyàn fi gbàgbé pé ẹnì kan ti wọ̀ ọ́ rí. Tó bá ju bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran á ti máa pàtẹ́wọ́ kó tó wọlé. Èmi náà á pàtẹ́wọ́, inú mi á sì máa ta mí bí ata.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Agbábọ́ọ̀lù kì í fọwọ́ ara rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù lórí pẹpẹ. Olùtọ́jú, ìyẹn èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ń fún un ní afẹ́fẹ́, òun ló ń gbé e lé agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Tí olùtọ́jú bá sì ti ní ó dára, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí bọ́ọ̀lù bá ní àléébù lójú pápá, olùtọ́jú nìkan ló lè ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù a máa jí bọ́ọ̀lù tẹ̀ wò lẹ́yìn mi. Àbúrò mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi á gbé òkúta lé mi lọ́wọ́ ni?"

Ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń sanwó oṣù fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wá rán olùkọ́ méjì sí wa láti ìlú mìíràn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, pé kí wọ́n mú ẹnì kan ṣoṣo lọ. Gbogbo wa la mọ ẹni tó máa jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló ti di ẹrù rẹ̀, ó ń kọrin, ó ń sọ fún mi bí òun á ṣe máa kọ lẹ́tà sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó máa ṣófo, mo wo orúnkún mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé torí mi ò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀ lémi nìkan ni mo ṣe ṣe é. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlara ló pọ̀ jù níbẹ̀, kí n má tún purọ́ lé irọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó gbé bọ́ọ̀lù awọ rẹ̀ wá bá mi ní sítọ́ọ̀, èyí tó ti bá gbé fún oṣù mẹ́jọ, tí ojú àtàǹpàkò rẹ̀ ti hàn lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó o. Òun ni mo fẹ́ lò." Mo gbà á, mo fi etí sí ihò rẹ̀ bíi dókítà. Mo ní, "Ó ń jò." Kò jò rárá. Ó kígbe pé, "Yéè! Lónìí kẹ̀?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé tuntun wà, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é. Bó ṣe lọ wọ bàtà rẹ̀, mo gbé tuntun náà sílẹ̀, mo fi omi pa abẹ́rẹ́ lára (ẹ ò rí nǹkan, mo fẹ́ ba ayé ọmọ ìyá mi jẹ́, mi ò sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù fara pa!), mo sì ń fún un ní afẹ́fẹ́ títí ó fi le gbagidi. Mo jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká. Ó padà dé àyà mi. Mo gbé e fún un. Mo ki bọ́ọ̀lù rẹ̀ gan-an bọ inú àpò mi, mo sì gbé àpò náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì tí mo fẹ́ jókòó lé lẹ́bàá pápá.

Ìgbà ogún gbáko ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ju bọ́ọ̀lù láti ojú ìlà, láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Nínú ogún, àbúrò mi a máa ju mẹ́tàdínlógún wọlé bó ṣe ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ti àkọ́kọ́ kan irin, ó ta dànù. Ìkejì yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa ju mẹ́wàá, méjì péré ló wọlé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn. Ó sáré wá bá mi, òógùn bò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù yìí le. Ó sì ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ wò." Obìnrin tó wá láti ẹgbẹ́ ńlá náà yíjú sí mi, ó ní, "Olùtọ́jú, ṣé ká pààrọ̀ rẹ̀?" Bọ́ọ̀lù àbúrò mi wà lábẹ́ ìdí mi. Tí mo bá na ọwọ́ báyìí, mo ti fà á jáde. Mo gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ lósì, mo yí i po, mo ṣe bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Mo wá gbójú sókè, mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé, "Kò sí nǹkan tó ṣe bọ́ọ̀lù yìí. Ọwọ́ rẹ ni."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Fífún bọ́ọ̀lù ní afẹ́fẹ́ burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi yẹn ló burú jù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò mí, ó sì gbà mí gbọ́. Ó padà lọ ju mẹ́wàá tó kù. Ẹyọ kan ló wọlé. Ọmọbìnrin mìíràn ni wọ́n mú lọ.

Mo rò pé á sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì padà sí pápá. Kò padà. Mo ta bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́rẹ fún ẹgbẹ́ kan tó ń kọjá lọ, kó má bàa rí i lọ́jọ́ kan pé kò jò. Ó gba iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló sì ń ká níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kó wá máa darí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun kì í gbọ́ tòun tí nǹkan bá ti le. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta gbáko, torí ẹ̀rù ń bà á pé ó lè já bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo wà níbẹ̀, mo gbé kàn-ìn-kàn-ìn dání. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé kí n bu omi sí i?"

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà láàárín yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀. Lóṣù méjì sẹ́yìn, lẹ́tà ìpè sí ìdánwò dé fún un. Ó mú un wá bá mi ní sítọ́ọ̀, ó ní òun ò lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmá Bọ́ọ̀lù, ìdílé wa ni. Tó bá ti di ibi tó le, ọwọ́ wa kì í gbọ́ tiwa. Bó ṣe ṣe Màmi náà nìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún wọn." Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé àwọn kì í ga nílé àwọn. Aṣọ tí mo fi ń nu bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ mi. Irọ́ tí mo pa mọ́ ẹnì kan ti bímọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ti lọ ju ogún lọ dáadáa, kò sì sí ohun tó lé e bá. Èmi fúnra mi ni mo ní láti lọ mú un padà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé àbúrò mi. Ó ń ká aṣọ. Orí ìdúró ni mo ti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, ọ̀rọ̀ mìíràn la máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, etí rẹ̀ bá ara mu rẹ́gí. Ó wá ní, "Báwo ló ṣe le tó?"

Mo ní, "Ó dé àyà mi."

"Tèmi ń kọ́? Ṣé ó jò?"

Mo ní kò jò.

"Níbo ló wà nígbà tí mo sáré wá bá yín?"

Mo ní, "Lábẹ́ bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé."

Ìgbà yẹn ni òun jókòó. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n hàn. Mo kúnlẹ̀, tòun ti orúnkún burúkú yìí, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé tí mo bá pẹ́ níbẹ̀, òun ò ní lè gbé mi. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ títí di ìsinsìnyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ayé ló gbọ́ nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ṣé inú yàrá lẹ wá ti máa bẹ̀ mí?" Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Kò tíì pè mí láti ọjọ́ náà.

Ìdí nìyí tí ojú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n kọ fi pọ̀ tó báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, tí ẹ ṣì ń ka ìwé ìròyìn yìí, àti ìwọ tó rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ o: kò sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ àbúrò mi. Kò sí nígbà náà, kò sí báyìí. Èmi ni mo ba bọ́ọ̀lù jẹ́, tí mo di ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ lé e lórí, tí mo sì ń wò ó bó ṣe ń rù ú kiri. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, forí jì mí. Tí kò bá ṣeé ṣe, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa tẹ bọ́ọ̀lù yín wò fúnra yín. Tí ọwọ́ yín bá sọ fún yín pé ó le, ó le ni, ì báà jẹ́ ẹni tó tọ́ yín dàgbà ló ní kò le. Ìwọ Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò rẹ. Lọ. Bọ́ọ̀lù tí o ti bá gbé ni kí o mú dání, má sì gbé e wá fún mi pé kí n bá ọ wò ó. Gbé e fún màmá rẹ kó bá ọ tẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ, òun ni kí o gbà.