Pọ́ǹpù Kẹ̀kẹ́ Ni Wọ́n Yà Sára Ògiri

Wọ́n ti ya àwòrán Sàmúẹ́lì sára ògiri ilé ìjọsìn wa ní Bantè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: AFUNFÈRÈ ÀKỌ́KỌ́ NÍNÚ ÌJỌ YÌÍ. Sàmúẹ́lì kò fun fèrè rí láyé rẹ̀. Èmi Rébékà ni mo fun ún.

Ó tán. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, inú á bí mi, n ó sì dìde kúrò níbẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò lọ sílé ìwé. Inú ìwé orin ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń kọ ọ́ lórin. Ẹni tí ìwé mi bá ń rùn sí, kó dímú.

Nígbà tí ọrùn mi ṣì le, tí mo ń ru omi láì fọwọ́ kan ìkòkò, Savalou, ìlú àwọn Máhì, ni mo wà. Ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ará Àjàṣẹ́. Mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é. Mò ń gbálẹ̀ fún wọn, mò ń fọ abọ́, mò ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà. Mẹ́tìrì yìí ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn sójà nígbà kan rí. Ó ní fèrè onírin kan, tó ń dán bíi fàdákà, tí wọ́n ń tú sí ọ̀nà mẹ́ta, tí wọ́n sì ń tò pọ̀. Kì í ṣe fèrè oparun tí àwọn darandaran ń fun lẹ́yìn màlúù o. Ẹ gbọ́... orin àwọn Òyìnbó tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ló ń fi í fun. Orin tí ẹnikẹ́ni kì í jó. Èèyàn á kàn jókòó, á máa wọ̀ ọ́ lára. Lóde òní, bí orin kò bá ti lè mú ìdí èèyàn mì, wọ́n á ní ó ti kú.

Lọ́jọ́ kan, mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré tó ń gùn, gbé Mẹ́tìrì ṣubú lọ́nà Djaloukou. Eyín iwájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò léyín iwájú kò lè fun irú fèrè yẹn, torí ètè kò níí ríbi fara tì. Ó délé, ó gbé fèrè sórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú ọmọ. Ó pẹ́ tí fèrè náà fi wà níbẹ̀. A kì í nu ún, a kì í fọwọ́ kàn án.

Èmi fọwọ́ kàn án. Mo rò pé kò sẹ́nì kankan nílé. Mo gbé e sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ, ó dún. Bí mo ṣe yíjú, Mẹ́tìrì wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ojú mi ni, Mẹ́tìrì.”

“Kí lojú ẹ rí?”

“Ó rí i pé ẹ kì í fẹ́ ẹ sínú ihò. Etí ihò lẹ máa ń fẹ́ ẹ sí, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.”

Mo rò pé yóò nà mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu torí eyín. Ó ní, “Gbé e sẹ́nu padà.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe kọ́ mi. Ó ní kí n já ewé kajú, kí n fi lé ara ògiri, kí n yọ ọwọ́, kí n máa fi èémí nìkan mú un dúró níbẹ̀. Bí ewé bá jábọ́, “Tún un mú.” Tó bá tún jábọ́, “Tún un mú.” Ìyàwó rẹ̀ á yọjú láti ilé ìdáná: “Rébékà! Ṣé ara ògiri lo dáná sí ni? Èyí tó wà lábẹ́ ìkòkò mi ti kú o!” Ẹ̀rín á pa mí, ewé á já. Mẹ́tìrì á máa fi ẹnu pe dò, rè, mì, èmi á máa fi fèrè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òun lórin, kò léyín. Èmi léyín, mi ò lórin. A wá di ẹnì kan ṣoṣo, àbí báwo ni kí n ṣe wí i?

Ìgbà yẹn náà ni ìjọba sójà ní kí gbogbo ìlú dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kámárádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni gbogbo wa ń pe ara wa. Mẹ́tìrì fi mí sínú ti Savalou. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á gbé pèpéle kalẹ̀, wọ́n á ní kí èmi bọ́ síwájú. Síwájú o! Ìgbà ọyẹ́, ètè mi á là, mo bá fi òrí pa á, fèrè bá ń yọ̀ lẹ́nu mi bí ẹja. Ni mo wá kọ́ ọ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí n ti pa á, kí n sì nù ún kúrò kí oòrùn tó mú. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré. Àwọn ìyá Máhì tí ń ta iṣu á dúró tàwọn ti ẹrù lórí, wọ́n á máa pariwo “É nyọ́! É nyọ́!”, pé ó dára. Ìyá mi wà láàárín wọn lọ́jọ́ kan, ó ti Bantè gbé iṣu wá. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó di apá mi mú. Ó ní, “Afẹ́fẹ́ lásán lò ń fẹ́ yìí. Kí ló wá dé tí omi ń bọ́ lójú mi?”

Mo ṣì ń bi ara mi léèrè. Títí di òní.

Mẹ́tìrì kó lọ sí ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀ bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà náà. Kó tó lọ, ó kó fèrè lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Bí kò bá rí èémí, irin ni. Máa gbé e lọ.” Mo gbé e lọ. Mo lọ́kọ ní Bantè, olóko iṣu, èèyàn jẹ́jẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ nílé ọkọ mi, èmi náà bá wọn lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìjọ wa, ìlà ẹfun kan wà níwájú pẹpẹ. Ẹsẹ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Inú ìlà yẹn sì ni ibi tí àwọn onílù àti gbogbo ẹni tí ń lo ohun èlò orin ń jókòó. Bàbá Ìjọ, ẹni tó jẹ́ olórí wa nígbà náà, ti gbọ́ fèrè mi nílé, ó sì fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ gan-an. Ó ronú, ronú. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ni òfin dárúkọ. Kò dárúkọ èémí.” Wọ́n bá kọ́ àtíbàbà kan sẹ́yìn ilé ìjọsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tó kángun sí pẹpẹ, wọ́n fi aṣọ ìkélé funfun dí ẹnu ìlẹ̀kùn náà. Níta ni mò ń jókòó. Èémí mi nìkan ló ń wọlé.

Ṣùgbọ́n ìjọ ò gbádùn. Fèrè ń dún, wọn ò rí afunfèrè. Àwọn ọmọdé ń yí ọrùn kiri. Bàbá Ìjọ wá ní kí ọkùnrin kan dúró síwájú aṣọ náà nínú ilé kí ojú àwọn èèyàn lè ríbi sinmi. Wọ́n mú Sàmúẹ́lì aránṣọ, torí ó ga, sùtánà sì yẹ ẹ́. Kí ni yóò mú dání? Fèrè kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ mi ló sì wà. Sàmúẹ́lì bá lọ tú pọ́ǹpù kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi eérú bó o títí ó fi dán. Bó bá dá a bú sẹ́nu, ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè mọ̀.

Mo máa ń bá a ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ̀gbọ́n Sàmúẹ́lì, táyà mélòó lẹ fẹ́ lónìí?”

Òun náà á dáhùn: “Ìyàwó wa, ìwọ ni èémí, èmi lẹnu. Ọjọ́ tí aṣọ yìí bá já, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ láàárín ìjọ.”

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ẹ̀yìn aṣọ yẹn nígbà náà. Rárá. Ojú kankan kò sí lára mi. Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo di ojú mi, mo ń fun ún. Àwọn orin Mẹ́tìrì ni mò ń fà pọ̀ mọ́ orin ìjọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni mo ti fun ún dáadáa jù. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ó wá di ọjọ́ ìkórè kan. Àlejò pọ̀. Wọ́n tilẹ̀ mú onífọ́tò wá láti Savalou. Mo ń fun fèrè lọ, fèrè ń ròkè, mo kàn gbọ́ nínú ilé... hàtíṣììì! Sàmúẹ́lì sín. Ó tún sín. Pọ́ǹpù kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, gbogbo ayé rí i. Èmi tí mo wà níta kò rí nǹkan kan, mo ń fun tèmi lọ. Fèrè kò dákẹ́!

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìjọ: “Halelúyà! Áńgẹ́lì ti gbà á fun!”

Ìjọ wólẹ̀. Wọ́n ń sunkún. Kí lẹ̀ bá ní kí n ṣe? Kí n ṣí aṣọ lójú ẹkún? Mo fun orin náà dópin.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń wá láti Pira, láti abúlé gbogbo, láti wá wo fèrè tí ń dún láìsí ẹnu. Wọ́n ń mú ọmọ aláìsàn wá kí Sàmúẹ́lì fi pọ́ǹpù kàn wọ́n lórí. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní, “Ìyàwó wa, mú sùúrù. Ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ni.” Mo mú sùúrù. Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé bó bá gbé pọ́ǹpù sẹ́nu. Mo rò pé òun náà ti gba ara rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, èyí tó fòpin sí ìjọba sójà, tí àgbà àti ọmọdé ń sọ ohun tó wà nínú wọn lórí rédíò láìbẹ̀rù, mo lọ bá a níbi tó ti ń ránṣọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ rédíò. Gbogbo ìlú ló ń ṣí aṣọ ìkélé. Ó ku tiwa.” Kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìjọ wa ni wọ́n dárúkọ ní rédíò?”

Mi ò fun fèrè níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló gba ẹ̀bùn náà padà. Bàbá Ìjọ kú. Ìyàwó Sàmúẹ́lì kú. Òjò gbé àtíbàbà lọ, aṣọ ìkélé gbó, ó já, wọ́n fi nu ilẹ̀. Èmi dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, ṣebí tara rẹ̀ ló ń bá a dákẹ́.

Ǹ bá dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Sẹ́nàmí, ọmọ yín obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi, ń kọ́ fèrè lọ́wọ́ mi, mo sì ti sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ fun ún ní ìjọ. Ó ti ń fi èémí mú ewé dúró lára ògiri. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ó lọ bá àwọn olórin ìjọ pé òun fẹ́ bá wọn fun ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Obìnrin kì í fun fèrè níbí. Lọ wo ògiri. Ṣé o rí obìnrin níbẹ̀?” Ọmọ náà délé, ó dúró sí iwájú mi. “Tàntí, ṣé irọ́ lẹ pa fún mi ni?”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ wo ògiri náà. Fọ́tò ọjọ́ ìkórè yẹn ni ẹni tó yà á wò. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ẹ̀yin náà ẹ lọ wò ó. Ẹ wo ìdí fèrè yẹn. Ìdìmú igi wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn tí táyà bá rọ̀. Fèrè wo ló ní ìdìmú?

Ẹ̀gbọ́n Sàmúẹ́lì, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí fún yín. Ẹ ṣì wà láàyè, ẹ ṣì ń jókòó sábẹ́ àwòrán yẹn, ẹ̀ ń gba ìkíni. Mi ò ní kí wọ́n fi ọ̀dà pa yín rẹ́. Mi ò ní kí wọ́n ya èmi. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, n ó mú Sẹ́nàmí lọ́wọ́, n ó gbé fèrè Mẹ́tìrì dání, n ó dúró létí ìlà ẹfun, n ó sì nà án sí yín lójú gbogbo ìjọ. Ẹ gbà á, kí ẹ fun ún. Bí ẹ ò bá lè fun ún, ẹ wojú ọmọ yìí, kí ẹ dá a lóhùn.

Ta ló fun fèrè?