Ìrìn Ọmọ Ẹni

Níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ní Mowe, ọmọbìnrin kan àti bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ náà mú ìwé kọ́míìkì kan dání.

"Dádì, èyí ló dùn jù nínú gbogbo ìwé akọni yìí. Ó máa ń fò, ó lè fọwọ́ kan gbé tírélà, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú eléyìí. Ó kàn lọ sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú lójú ni. Kó tó ṣí ìbòjú náà, bàbá rẹ̀ ti pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, 'Ta ni kò ní mọ ìrìn ọmọ ẹ̀?' Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ojú bàbá yẹn! Mo sunkún gan-an."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Nítorí àwòrán lásán?"

"Rárá o. Mo kúnlẹ̀ kí yín ní Ìbàfò lọ́jọ́ Sunday, ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Ẹ kọjá lára mi. Mo ní bóyá ó ti pẹ́ jù tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, ẹ ò dá mi mọ̀ mọ́."

Bàbá náà tẹ orí ba. "Mo dá ẹ mọ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé mo bímọ síbòmíì ni."

"Ó sàn kí ẹ ti gbàgbé mi."

Nígbà tí ọkọ̀ dé, iwájú lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà ni ọmọ náà lọ jókòó sí. Bàbá náà wọ ẹ̀yìn.