Orí Ibojì Bàbá Motọ́lání Ló Ti Po Kọnkéré

Alága Sùlè, ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn kí n rò ó tán, torí ẹ̀yin alága oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ mú Gbéminíyì wá fún mi, ẹ̀yin lẹ ní ọmọ Ọ̀wọ̀ bíi ti ọkọ mi ni, ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí táìlì. Ọwọ́ wo ló mọ́? Ọwọ́ tó po kọnkéré sórí ibojì ọkọ mi?

Mo ní kó wá wo ilé wa ní Ekiadolor kó tó pe owó iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òjò ń rọ̀. Mo tún pè é, ó ní ọ̀nà ò dáa. Ló bá ní kí Motọ́lání ọmọ mi ya fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Ẹ ti rí ẹni tó fi fọ́tò ra iṣu rí? Látìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń ta ṣọ́bìrì àti òòlù fún yín ní Iyaro níbí, mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ oníṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á wá, á fẹsẹ̀ rìn ín, á wọ̀n ọ́n, á béèrè pé Màmá, kí lèyí, kí lọ̀hún. Ká ní ó wá ni, ṣebí màá ti nàka sí i pé ibi tí bàbá ọmọ mi sùn sí nìyí. Ojú yín ni mo wò tí mo fi gbà.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi wà ní ìsọ̀. Ẹ ò rí ilé mi, Alága. Yanrìn dí ẹnu ọ̀nà, táìlì kíṣíìnì wà lábẹ́ táìlì pálọ̀, tírówẹ̀lì tó fi ń tẹ́ sìmẹ́ǹtì wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Ó ń wá tépù tó fi ń wọn ilẹ̀ kiri, ó sì jókòó lé e. Ìgbà tí kò ríbi po nǹkan mọ́, ló bá da yanrìn àti sìmẹ́ǹtì sórí ibi tó tẹ́jú níwájú ilé. Ó ń pò ó lọ́wọ́ ni wọ́n pè é láti Ekosodin, níbi tó ti gba iṣẹ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ tèmi, ló bá fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó lọ. Kó tó padà, gbogbo ẹ̀ ti di òkúta.

Mo délé, mo béèrè pé kí lèyí. Ó ní, "Màmá, mo rò pé pèpéle tí ẹ ṣe sílẹ̀ fún pípo kọnkéré ni."

Pèpéle. Mi ò lè ka ìwé, Alága, àmọ́ orúkọ ọkọ mi, Olúdáre, tí wọ́n fín síbẹ̀, ìka mi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń nù ún. Mo wá fìka wá a, mi ò bá a.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí làwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá ṣe ìrántí. Ibo ni kí wọ́n dúró sí gbàdúrà? Nídìí ṣọ́bìrì? Ó ṣì wà níbẹ̀, ó gan, ó nàró bí àgbélébùú. Èmi náà ni mo sì tà á fún un.

Motọ́lání ní, "Mummy, no vex, na mistake." Mo ní kó panu dé.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń gé táìlì, sípírítì tó fi ń wò bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn ìsọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ sì wà láyà mi. Kí àwọn ará Ekosodin máa pè é. Kó máa fi eyín gé táìlì wọn. Gbogbo ẹni tó bá wá ra ìṣó lọ́dọ̀ mi ni mò ń sọ ohun tó ṣe fún.

Kí lẹ wí? Kó fi ẹ̀rọ fọ́ kọnkéré náà? Ọlọ́run tó mú ọkọ mi lọ ń gbọ́, ẹ̀rọ ò ní kàn án. Ṣísẹ́lì àti òòlù kékeré ni màá fún un, lórí eékún. Lẹ́tà tó bá yọ, màá fìka wò ó, tí mo bá mọ̀ ọ́n, màá ju irinṣẹ́ kan sí i. Lẹ́tà tó bá bà jẹ́, màá ta irinṣẹ́ kan níṣojú rẹ̀.

Ó ní kí ẹ bá òun béèrè bí kọnkéré náà ṣe nípọn tó? Kó lọ wò ó. Àbí kí n ní kí Motọ́lání ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i?