Bí Ìyá Kúta Bá Dákẹ́ Lójú Oorun

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ, nítorí ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Télọ̀ ni mí ní Ìwó níbí. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti gbé máṣíìnì mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá arúgbó kan nínú agbo ilé wa. Àwọn oníbàárà mi ń ráhùn pé ibẹ̀ ti wọnú jù. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni mo ń rán níbẹ̀. Etí ni mo ń fi ṣọ́nà. Arúgbó náà máa ń sùn lọ́sàn-án, á máa hanrun, bí híhanrun náà bá sì gé lójijì, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí máṣíìnì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà. Kúta ló ti ṣe ilé ọkọ, ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló padà wálé kí wọ́n tó bí mi, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Kúta. Mo fẹ́ kí ó lọ rí dókítà, ó kọ̀. Ojú mi yìí gan-an ló sì fà á tí ó fi kọ̀.

Àgbọ̀n kan wà tó jẹ́ ti ilé wa. Ó kúrú, ó sì fà sẹ́yìn sínú ọrùn bí ìgbín tó fẹ́ wọ ìkarahun. Bí ọmọ ilé wa bá dé Ilé-Ogbó lọ ra gààrí, àwọn àgbà ibẹ̀ á kàn wò ó, wọ́n á sì dárúkọ agbo ilé rẹ̀ fún un kí ó tó lanu. Bàbá tó bí bàbá mi ló ni àgbọ̀n náà. Bàbá àgbà kú, kò pẹ́ sí i ni wọ́n bí mi, èmi pẹ̀lú àgbọ̀n wọn. Àfáà sọ mí ní Múfútàù, ṣùgbọ́n Babátúndé ni ilé ń pè mí. Ìyá Kúta kò sì fi orúkọ náà ṣeré. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí èmi tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀: "Bàbá mi, ṣé ẹ jí dáadáa?" Bí ó bá nà mí lọ́sàn-án, ó ń bẹ̀ mí tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ohun kejì tí a jogún ni híhanrun. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Oorun àgbà ni wọ́n ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí ẹni tó ń hanrun bá dákẹ́ lójijì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ó ti rìn jìnnà, pé ẹni tó bá pè é lè mú kó ṣi ọ̀nà ilé. Nígbà tí ó bá tún mí kanlẹ̀, tí híhanrun náà bẹ̀rẹ̀ padà, àwọn tó wà nítòsí á ní, "Ẹ kú àbọ̀." Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá àgbà rìn lọ báyẹn tí wọn kò padà. Bàbá mi náà lọ bẹ́ẹ̀. Ilé wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ikú ìrọ̀rùn ni wọ́n kú.

Èmi náà ń hanrun, ó sì ń rẹ̀ mí bí ẹni tó fi gbogbo òru ro oko. Mo ń sùn nídìí máṣíìnì títí abẹ́rẹ́ fi gún mi ní àtàǹpàkò. Mo sùn lọ ní ìforíkanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ ta mí jí. Sìdí ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ ilé wa, kò sì ka òfin ilé wa sí. Bí mo bá dákẹ́, àyà ni yóò ti lù mí. Òun ló fà mí dé ọ̀dọ̀ dókítà n'Íbàdàn. Wọ́n so wáyà mọ́ mi lórí àti láyà, wọ́n ní kí n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà, ọmọbìnrin tí n kò rò pé ó ju àbúrò mi lọ, sọ fún mi pé àgbọ̀n mi ti fà sẹ́yìn jù, ahọ́n mi kò rí àyè, bí oorun bá ti mú mi, á ṣubú sẹ́yìn, á dí ọ̀nà ọ̀fun.

Mo ní, "Ní ilé wa, wọ́n ní a ń rìn jìnnà ni."

Ó ní, "Ẹ ò rin ibì kankan, sà. Èémí ló ń há yín lọ́fun."

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Ọjọ́ tí kò bá sí iná, kò sí èémí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di iṣẹ́ abẹ. Dókítà ya àwòrán rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi bí télọ̀: bí aṣọ bá há èèyàn láyà, a máa ń tú ojú rírán ni, a ó sún un síwájú, a ó tún un rán. Egungun àgbọ̀n mi ni wọ́n gé lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sún un síwájú, wọ́n sì fi irin wẹ́wẹ́ dè é. Nígbà tí mo jí, ojú mi ti wú bí iṣu tó mu omi, rọ́bà de eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ògì tó ṣàn bí omi ni mo ń mu láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Sìdí fi ṣíbí lé mi lẹ́nu, ó ní, "Bàbá Àwáwù, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi, ẹ ò lè bá mi jiyàn mọ́." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè mi kò mọ ibi tí òun wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyanu kan fún yín. Nínú gbogbo ìrora yẹn, mo lá àlá. Mo ti gbàgbé pé èèyàn ń lá àlá. Mo rí odò, mo rí bàbá mi tó ń wẹ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, mo jí, orí mi fúyẹ́, mo sì ń gbọ́ èémí ara mi tó ń wọlé tó ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ẹni tó ń bá a jà. Mo sunkún. Ta ló ń dúpẹ́ èémí? Ohun tí à ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọrẹ ni.

Nígbà tí mo padà dé Ìwó, Ìyá Kúta jáde láti kí mi. Ó ti ń kúnlẹ̀ lọ nígbà tó gbójú sókè. Ó dúró lágbedeméjì, ó fọwọ́ ti ògiri, ó dìde. Ó wo àgbọ̀n mi títí. Ó bi Sìdí pé, "Níbo lẹ gbé bàbá mi sí?" Láti ọjọ́ náà, kò kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Múfútàù ló ń pè mí, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò. Ó dùn mí ju abẹ lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti tú rọ́bà ẹnu mi, mo kírun ọ̀sán tán lọ́jọ́ kan, mo na ara sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo lajú, oòrùn ti yẹ̀, Ìyá Kúta sì jókòó tì mí, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú mi.

Ó ní, "Mo rò pé o ti kú ni. O ò dún."

"Mo sùn ni, Ìyá."

"Ṣé báyìí ni èèyàn ṣe ń sùn?"

"Báyìí ni."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Bàbá mi ò sùn báyìí rí. Èmi ni mo máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n lọ yẹn, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Ìyá mi fẹ́ jí wọn, mo di ọwọ́ ìyá mi mú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá rìn."

Kí ni ẹ̀yin ìbá sọ?

Mo dìde jókòó, mo sọ fún un pé òun náà ní àgbọ̀n yẹn, pé kí ó jẹ́ ká lọ ṣe àyẹ̀wò, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi abẹ kàn án rárá. Ó fọwọ́ bo àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó kù ti gbé tiwọn lọ. Ìwọ ti yí tìrẹ padà. Bí wọ́n bá tún fọwọ́ kan èyí, kí ni bàbá mi yóò fi dá mi mọ̀ lọ́run?" Ó dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, jí mi."

Ìdí tí máṣíìnì mi fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́, mo ń di èjìká rẹ̀ mú. Á mí kanlẹ̀, á lajú, á ní, "Mo ti jìnnà?" Èmi á ní, "Ẹ ò tíì jìnnà, Ìyá. Ẹ kú àbọ̀."

Ọ̀sán nìyẹn. Òru ńkọ́? Àwọn tó kù nínú agbo ilé ṣì di òfin àtijọ́ mú, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo sì ti mọ̀, oorun tí wọ́n fi abẹ wá fún mi yìí jìn tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi ń lu páànù lórí mi tí n kò gbọ́. Mo ti gbìyànjú láti jókòó lójúfò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ń sùn lọ tí ilẹ̀ fi ń mọ́ bá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà tó ń hanrun nílé, ẹ má pè é ní oorun. Ẹ fetí sí ibi tó ti dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń yí arúgbó lọ́kàn padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú.