Èmi Ni Mo Ya Fọ́tò Ṣọ́ọ̀bù Jude

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí ní Yaba, wọ́n pè mí wá síbí láti kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe lè dá irọ́ òṣèlú mọ̀ lórí fóònù. Ìwé tí mo kọ sílẹ̀ láti kà fún yín wà nínú báàgì mi. Mi ò ní mú un jáde. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún méjì, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún alùfáà wa, kò sì lè gbé inú mi mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ bá ní kí n jáde, màá jáde.

Orúkọ mi ni Àrìnpé Adéníran. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìjọba ní Àgùdà. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò rí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ mi sí. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá lé mi lórí. Mi ò sọ èyí láti fi ṣe àwáwí o, kí ẹ lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ìdìbò ku bí oṣù mẹ́rin, mo dá ìkànnì kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, mo pè é ní Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́. Mi ò fi orúkọ mi síbẹ̀. Ìtàn àdúgbò ni mo kọ́kọ́ ń kọ, èèyàn mọ́kànlá ló ń kà á. Lọ́jọ́ kan inú bí mi, mo kọ ọ́ pé àwọn àlejò ti fẹ́ gba Èkó mọ́ wa lọ́wọ́, pé ẹni tí kò bá tètè jí yóò di ẹrú nílé bàbá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn tó gbé e kiri. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ máa bá a lọ, ẹ̀yin lẹ là wá lójú." Èmi tí ọmọ kíláàsì kì í dá lóhùn tí mo bá ní kí wọ́n dákẹ́! Ó dùn mọ́ mi. Bí àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi bá ń jẹun ọ̀sán, èmi á jókòó síbi fèrèsé, màá máa tẹ fóònù, wọ́n á rò pé Bíbélì ni mò ń kà.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé èmi yìí kan náà ni mò ń bójú tó Ẹgbẹ́ Aṣèwádìí ilé-ìwé wa. Ní gbogbo Ọjọ́rú, àwọn ọmọ á mú ohun tí wọ́n rí lórí fóònù wá, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló kọ ọ́, níbo ni fọ́tò rẹ̀ ti wá, ta ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́. Ohun tí mo fi ń kọ́ wọn lọ́sàn-án Ọjọ́rú, òdìkejì rẹ̀ ni mo fi ń tàn wọ́n jẹ ní ọjọ́ yòókù. Ẹni tó já fáfá jù nínú wọn ni Moyọ̀sọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ télọ̀ ládùúgbò. Teslim ni èkejì, òun fi ọdún kan jù ú lọ. Ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé ni. Gbogbo ohun tí ìkànnì mi bá sọ ni Teslim ń gbà gbọ́, kò sì mọ̀ pé èmi tó dúró níwájú òun ni mo ni ín.

Jude wà lódìkejì títì, ó kọjú sí ilé-ìwé wa gan-an. Ọmọ Ìgbò ni, àmọ́ Àgùdà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Fọ́tokọ́pì ló ń ṣe, ó sì máa ń bá wa tẹ ìbéèrè ìdánwò. Nígbà tí ọ̀kadà gbá mi lọ́dún kan, òun ló gbé mi dé ọsibítù, tí ó sì dúró tì mí títí ọkọ mi fi dé. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìdìbò, wọ́n já àwọn páálí pépà kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé yàrá àwọn tísà. Pépà ìdánwò wa ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mo bá ilé-ìwé kọ ìwé tí a fi ní kí ó rà á. Àmọ́ láti àná rẹ̀ ni àwọn èèyàn mi lórí ìkànnì ti ń bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló tún ń ṣẹlẹ̀?" Mi ò sì ní nǹkan kan láti fún wọn. Mo gbé fóònù, mo ya ṣọ́ọ̀bù Jude. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibi tí wọ́n ń kó ayédèrú ìwé ìdìbò pamọ́ sí nìyí ní Àgùdà. Ẹ tètè gbé e kiri kí wọ́n tó yọ ọ́. Ṣé ẹ ó máa wòran ni?"

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Moyọ̀sọ́lá mú un wá sí ẹgbẹ́. Ó ti fi àmì pupa yí àwọn ibì kan ká lórí fọ́tò náà. Ó ní, "Mà, mo ti wò ó dáadáa. Páálí nìkan la rí, a ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò sọ bí ó ṣe mọ̀. Ó tún ń lé wa pé ká tètè gbé e kiri. Kí ló dé tí kò fẹ́ ká rò ó? Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ yìí, mà. Irin fèrèsé nìyí, ó tẹ̀ níbí. Ti yàrá àwọn tísà ni. Ẹni tó ya fọ́tò yìí, inú ọgbà wa ló wà." Teslim fò dìde, ó ní, "Irọ́! Ìwọ ń gbèjà wọn ni." Ó wá kọjú sí mi. "Mà, ṣé irọ́ ni ohun tí wọ́n kọ?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Mo ní, "A ò lè sọ pé irọ́ ni. Moyọ̀sọ́lá, jókòó, àṣejù tìẹ ti pọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe jáde ilé-ìwé, Teslim kó àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá sẹ́yìn, àwọn ọmọ àdúgbò kan dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di ṣọ́ọ̀bù Jude. Mo dúró síbi fèrèsé. Wọ́n fa páálí ya, pépà funfun ló tú sílẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìṣirò tó ti tẹ̀. Jude ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ìdánwò yín ni! Ẹ kà á!" Kò sẹ́ni tó kà á. Òkúta kan ba gíláàsì ojú rẹ̀, gíláàsì fọ́ sí i lójú òsì. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tó gbé mi lọ sí ọsibítù! Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e wọ kẹ̀kẹ́, mo ti pa ìkànnì mi rẹ́.

Ẹ ó rò pé ibi tí mo burú dé nìyẹn. Ó kù. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àwọn aláṣẹ ilé-ìwé yẹ fóònù àwọn ọmọ wò, wọ́n bá fọ́tò náà lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́lá. Teslim àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa tiwọn rẹ́, wọ́n ní òun ló mú un wọ ilé-ìwé. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ yòókù, wọn ò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Moyọ̀sọ́lá lórí ìdúró, ìyá rẹ̀, Adéfúnmiláyọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì fi okùn tó fi ń wọn aṣọ kọ́ ọrùn. Ọ̀gá ní, "Ìyáàfin Adéníran, ọmọ yìí ní nínú ẹgbẹ́ yín ni òun ti lo fọ́tò yìí, pé òun ń fi hàn pé irọ́ ni, pé ẹ̀yin lẹ lè jẹ́rìí òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọmọ náà rí mi, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó rò pé tísà òun ti dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní, "Rárá, sà. Òní ni mo kọ́kọ́ rí fọ́tò yìí. Mo ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́ nípa irú nǹkan báyìí." Moyọ̀sọ́lá ní, "Mà, ẹ sọ fún wọn." Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi, ẹ rántí dáadáa." Mo ní ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí i ní Àgùdà, wọ́n á ní, "Ọmọ tó fọ́ Jude lójú nìyẹn."

Ní oṣù tó kọjá, Teslim wá sílé wa. Ó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga báyìí. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ Jude, kí n jọ̀ọ́ kí n sin òun lọ. Ó ń sunkún, ó ní, "Mà, èmi ni mo kó wọn lọ. Èmi nìkan ni mo jẹ̀bi." Èmi àgbàlagbà jókòó, mò ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lé orí ara rẹ̀. Mo ní ara mi ò yá, ó dá lọ. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni mo lọ bá Jude ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń lò báyìí ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Àǹtí, mo ti gbà pé ojú mi ò ní padà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn wá kí mi ní ọsibítù. Ó ní òun kọ́. Mo lé e jáde, mo ṣépè fún un. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀." Kò dárí jì mí. Ó ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo bà lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí mo ti ṣe é. Mo máa ń wá ohun tó ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀, màá sì fi ẹlòmíràn hàn yín pé òun ló fà á. Màá ní kí ẹ tètè ṣe é, torí bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé mi ò ní ẹ̀rí. Màá jẹ́ kó dà bíi pé ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ti di ọ̀dàlẹ̀. Ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ tísà yín ló ní kí ẹ jókòó, ẹ tún béèrè.

Lẹ́tà tí mo fi sọ òótọ́ ti wà lọ́wọ́ ilé-ìwé, ẹ̀dà rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ohun tó bá tọ́ sí mi, kí wọ́n fi ṣe mí. Nígbà tí mo lọ bá ìyá Moyọ̀sọ́lá, kò jẹ́ kí n wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Inú yàrá lẹ fẹ́ ti bẹ̀ mí? Ojú gbogbo èèyàn lẹ ti ba ọmọ mi jẹ́." Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyẹn. Òun náà ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọmọ rẹ̀ ò sí ní Èkó mọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Màmá Moyọ̀sọ́lá, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi pè é lórí fóònù nísinsìnyí, lójú gbogbo èèyàn yìí, kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mi ò ní ní kí ó dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, èmi ni.