Ibojì Isham tí Mo Ní Mo Rí

Lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú ère àwọn ọmọ ogun wa níwájú ilé ẹjọ́, èmi Lemuel Strother ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ìwé yìí ni mo ní kí pásítọ̀ kà dípò ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ní àyà mi ò ní gbé e pẹ́. Mi ò fẹ́ kú pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu.

Ọdún márùn-ún kí ogun tí àwa ìpínlẹ̀ Gúúsù bá ìjọba Washington jà tó dé, bàbá mi dá Isham sílẹ̀. Isham ni ẹrú wa tó ń kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kàn bíi tirẹ̀ ní apá wa ní Virginia. Bàbá kọ ìwé òmìnira rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí n gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Láìsí ìyẹn, bébà lásán ni. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Mo ronú nípa ọwọ́ Isham, àti owó tó ń mú wọlé fún wa. Mo yí padà. Nígbà tí Bàbá bi mí, mo ní, “Ó ti parí, sà.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kan lẹ́yìn náà ló kú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òfin wa ni pé ẹrú tó bá gba òmìnira gbọ́dọ̀ fi ìpínlẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tó yí po. Isham pa á mọ́. Ó béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ní ilé ẹjọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó fi Milly ìyàwó rẹ̀ àti Keziah ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ní òun á ṣiṣẹ́ rà wọ́n padà, ó gba Pennsylvania lọ, níbi tí wọn kì í kó ẹrú. Bó ṣe kọjá ààlà báyìí, tí orúkọ rẹ̀ ò sí nílé ẹjọ́, ìsáǹsá ló dà lójú òfin. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ.

Lọ́dún kejì, èmi àti Warner, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tẹ̀ lé ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ lọ mú un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A fẹ́ tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n ìlú náà di ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ń jẹ ápù, kò dìde. Ó ní, “Òfin ìpínlẹ̀ wa ò gbà mí láyè láti bá yín ti ẹrú yín mọ́lé.” Warner ní, “Ẹ wá wo ẹ̀wọ̀n tó ń ṣa ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ṣé owó ilé lẹ̀ ń gbà ni?” Ọkùnrin náà ní, “Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tó bó ṣe wù yín. Kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò ní ìbàdí mi.” Èmi náà dá sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Kí ni ìpínlẹ̀ yín já mọ́? Òfin Washington ló ga jù. Kò sí ìpínlẹ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́.”

Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá pè ní ìsáǹsá jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Nítorí náà, èmi ni Isham kọjú sí nílé ẹjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá Lem, ẹ sọ fún wọn nípa ìwé tí Bàbá kọ.” Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní, “Kò sí ìwé kankan.” Inú Bíbélì ilé wa ni mo fi ìwé náà sí.

Mi ò lè mú un wálé. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ ohun tí Bàbá ṣe. Richmond ni mo ti tà á fún oníṣòwò kan tó ń kó ẹrú lọ sí Natchez. Mo sọ fún Milly pé ibà ló pa á. Milly jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n sin ín dáadáa, Ọ̀gá?” Mo ní wọ́n sin ín dáadáa.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gun orí tábìlì níwájú ilé ẹjọ́, mo ń pariwo pé Washington ò lẹ́tọ̀ọ́ lórí ìpínlẹ̀ wa, ká yapa. Nítorí ẹrú ni. A sọ ọ́ ní gbangba nígbà náà, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ́gun wa la wá orúkọ tó dùn gbọ́ fún un. Lóṣù tó kọjá, Warner, alága ìgbìmọ̀ tó ṣe ère yìí, wá bá mi. Ó ní, “Lem, ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni kó o sọ. Má mẹ́nu ba ẹrú. Àwọn ìyàwó wa máa wà níbẹ̀.” Mo ní, “Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ọjọ́sí ńkọ́?” Ó ní, “Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n wo?” Ó ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ó ku èyí tó burú jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Keziah wá sí ìloro mi. Irun òun náà ti ń funfun. Ó ní lẹ́tà kan dé sí ìjọ wọn láti Natchez, pé bàbá arúgbó kan tó ń kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ máa ń bi àlejò bóyá wọ́n mọ Milly ní Virginia. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Strother, mi ò bá ìjà wá. Ọ̀nà Natchez jìn, mi ò sì fẹ́ lọ rí ẹni ẹlẹ́ni. Ṣé ẹ fojú ara yín rí ibojì bàbá mi?” Ogun ti parí tipẹ́. Kò sí ẹrú mọ́. Kò sí èrè kankan níbẹ̀ fún mi. Mo ní, “Mo rí i.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí Bàbá ṣe dúpẹ́ ló ṣe dúpẹ́, ó sì padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi àwa arúgbó ní ohun tí à ń sọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a kọ́ láti sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò ní kí Keziah dárí jì mí. Ìwé òmìnira náà wà lọ́wọ́ pásítọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ra Isham. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà Keziah. Mo yí padà. Kí ẹnì kan nínú yín bá mi gbé e lọ lónìí. Kó sọ fún un pé mi ò rí ibojì kankan.